Oorun Sátidé ní Yàrá Ìkáṣọ

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."

"Sátidé nìyí o, ìyá. Aṣọ pàápàá ń sinmi lónìí."

"Mo mọ̀. Mo gbàgbé nǹkan sí yàrá ìkáṣọ ni."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agboòrùn lẹ gbàgbé. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, bàtà ni. Kí lẹ wá gbàgbé lọ́tẹ̀ yìí, orí yín?"

"Orí kọ́. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ orí."

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Èmi kọ́ ni ọkọ yín."

"Oorun ni mo gbàgbé síbẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà ṣílẹ̀kùn."

Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí tí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní obìnrin yìí mà lè dápàárá o. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí géètì fún un.

Kì í ṣe àpárá rárá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Bí a bá ti gbọ́ pé abilékọ kan ń parọ́ nílé, tó ń yọ́ lọ síbì kan ní gbogbo Sátidé, ọkùnrin la máa ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọkùnrin níbẹ̀. Ìbá sàn ká ní ó wà, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lórúkọ, ẹbí sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e lórí. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, n kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì. Ènìyàn méjì ló ń ká aṣọ kan níbẹ̀. Ẹnì kan á di etí méjì mú níhìn-ín, ẹnì kejì á di etí méjì mú lọ́hùn-ún, wọ́n á fà á kó le dáadáa, wọ́n á wá rìn pàdé ara wọn. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rìn pàdé ara wọn bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ra, tí wọn kò sì ní dì mọ́ra.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, bí ìwé tuntun ni. Tí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ọ̀gá wọn á mú un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Wo ọwọ́ obìnrin yìí. Má wo ẹnu rẹ̀ o, ẹnu yẹn á kàn pa ọ́ lẹ́rìn-ín ni. Ọwọ́ ni kí o wò."

Àfi bí bàbá ọkọ rẹ̀ ṣe yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sì rọ.

Wọ́n gbé Bàbá wá sílé wọn, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní yàrá iwájú. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, orí fóònù ni ilé ti ń mọ̀ pé ó ṣì wà láyé. Àbíkẹ́yìn wọn kò tíì mọ bọ́tìnnì dè. Àkọ́bí wọn obìnrin ti jáde ilé ìwé girama, ó ń kàwé láti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ìyàwó!" láti yàrá iwájú.

"Bàbá!"

"Omi."

"Màámi!" láti ẹ̀yìn. "Ibo ni ìbọ̀sẹ̀ mi kejì wà?"

"Wo abẹ́ àga!"

"Ìyàwó! Kì í ṣe omi yìí. Eléyìí gbóná."

"Màámi, abẹ́ àga ni mo ti rí èyí àkọ́kọ́!"

Fóònù á wá dún.

"Ìyàwó, Bàbá ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun."

"Ọmọ ti jẹun?"

"Ó ti jẹun."

"Ó dáa. Gbé fóònù fún Bàbá."

Ó máa ń gbé fóònù fún Bàbá. Á dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá ìbéèrè kan ṣì kù. Kì í kù.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, lórí ìdúró, pẹ̀lú etí aṣọ lọ́wọ́. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ká aṣọ, tí òun máa ń pè ní Ẹnìkejì Mi, á fa aṣọ náà fìrì.

"O tún ti lọ."

"Mo wà níbí."

"Ojú rẹ wà níbí. Aṣọ ti bọ́ sílẹ̀, wò ó. Ó di pé ká tún un fọ̀."

"Má bínú."

"Èmi ò bínú. O ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń bọ̀ níbí láàárọ̀, inú mi máa ń dùn."

"Tèmi náà."

Ọ̀gá wọn pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í gbóhùn sókè kódà tí ẹ̀rọ bá jóná.

"Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe olórí yàrá ìkáṣọ o. Kí ló wá dé tí ọwọ́ rẹ ń bàjẹ́ báyìí?"

"Ilé ni, mà."

"Gbogbo wa la nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ wá ibì kan sinmi."

"Níbo, mà?"

Ọ̀gá náà fa ìwé orí tábìlì rẹ̀ mọ́ra. 

Bí ọ̀rọ̀ Sátidé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lóòótọ́ ló gbàgbé bàtà síbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wọ yàrá ìkáṣọ, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ rọ́rọ́. Aṣọ funfun jókòó gègèrè lórí pẹpẹ dé òkè àjà. Oòrùn ń ti fèrèsé wọlé, òórùn ọṣẹ kún gbogbo yàrá. Ó jókòó lórí òkìtì táwẹ̀lì kan kó lè wọ bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dẹ etí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan á pè é. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ìgbà tó máa lajú, oòrùn ti kúrò ní fèrèsé àkọ́kọ́, ó ti dé ti ìkẹyìn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wọ bàtà.

Àkọ́bí rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnujú Bàbá àgbà lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ̀rù ti ń bà wá. Ibo lẹ wà?"

Ó ṣí ẹnu kó sọ pé, "Mo sùn lọ." Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé ó pọ́n. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún ẹni tí oorun ń pa pé òun lọ sùn?

"Iṣẹ́ ni," ó ní. "Ọ̀gá wa ní a ó máa wá ní Sátidé báyìí."

"Há! Kí ló dé?"

"Ṣé o mọ obìnrin yẹn ni? Ẹkùn ni."

Bí wọ́n ṣe bí Ẹkùn nílé yẹn nìyẹn. Obìnrin jẹ́jẹ́ tó ní kó lọ sinmi ló sọ di ẹkùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Ẹkùn ti hu irun, ó ti hu èékánná. Ẹkùn kò gbọ́dọ̀ rí ẹni tó jókòó. Ẹkùn ní ẹni tí kò bá wá ní Sátidé kó má wá ní Mọ́ńdè. Àbíkẹ́yìn á we ìborùn ìyá rẹ̀ mọ́rí, á gun àga, á máa bú ramúramù: "Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó? Ẹ ká aṣọ! Ẹ tún un ká!" Bàbá àgbà á fi ààbọ̀ ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín. Ìyá náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà máa ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ lórí fóònù, inú bí i.

"Èmi á wá bá Ẹkùn yẹn níbẹ̀!"

"Ẹ má wá o!"

"Kí ló dé? Ṣé ìyàwó ilé kan ni wọ́n ń lò bí ẹrú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ dojú kọ títì. Màá fara dà á."

"O ṣeun, ìyàwó. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san."

Àdúrà yẹn kò jẹ́ kó lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó sanwó oorun yìí ni àkọ́bí. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀kọ́ àfikún rẹ̀ máa ń wáyé.

"Màámi, ẹ̀kọ́ mi ńkọ́?"

"Ta ló máa wà pẹ̀lú Bàbá àgbà?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Ó dáa. Màá máa kà á nílé."

Ó ń kà á lóòótọ́. Á fi ìwé sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, á yí Bàbá àgbà sápá òsì, á ka ojú ewé kan, á nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀, á ka òmíràn. Á tún máa ṣe yẹ̀yẹ́: "Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán, Màámi. Ìdánwò ló kù."

Ẹnìkejì Mi nìkan ni obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ.

"O ò lè kúkú sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ọ́?"

"Mo ti sọ."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó rẹ àwọn náà."

"Wọ́n parọ́."

"Wọn ò parọ́. Ó rẹ̀ wọ́n."

Wọ́n pàdé láàárín, aṣọ di ìdajì. Ẹnìkejì Mi kò tíì gba etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sọ fún ọmọ yẹn nìkan. Lónìí tó ṣì fúyẹ́."

"Kí n ní kí ni? Pé bó ṣe ń gbé bàbá bàbá rẹ̀ yí, orí táwẹ̀lì ni èmi ń nà gbalaja sí?"

"Bí o bá sọ ọ́ fúnra rẹ, ẹ̀bẹ̀ ni. Bí ó bá rí i fúnra rẹ̀, kí ló máa jẹ́?"

"Gba aṣọ, jọ̀ọ́."

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ ti ń dé, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ náà ló ń dúró dè yín nílé, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí. Ó rẹ̀ ẹ́; kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó sùn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jí oorun náà, ẹrù olè sì ní ìṣòro kan: ẹni tó jí i kò lè bẹ́nikẹ́ni pín in.

Fúráìdé ìdánwò dé.

"Màámi, ọ̀la ni o."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní bí agogo bá ti lù, wọ́n á ti géètì. Wọn kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́."

"Tèṣí, ìṣubú Bàbá àgbà ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Bàámi sì ti sọ ọ́, bí tọdún yìí bá tún bọ́, kí n kó ẹrù mi lọ bá aránṣọ, kí n lọ kọ́ṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi tí n kò lè rán bọ́tìnnì."

"Kò ní bọ́."

"Ẹ kàn jókòó nílé lọ́la, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀la nìkan."

Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ kò ju "Ó dáa" lọ. Ṣé ẹ rí bí irọ́ ṣe ń di ọ̀gá ẹni tó bí i? Bí Ẹkùn bá di ewúrẹ́ lójijì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọmọ á béèrè ìdí tí kò fi di ewúrẹ́ láti ọjọ́ yìí.

"Màá lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀," ó ní. "Màá kàn fojú kàn án ni, màá padà. Kí o tó múra tán, mo ti dé."

"Ṣé á gbà?"

"Á gbà."

"Ẹ kúnlẹ̀ fún un, Màámi. Bí mo bá di nọ́ọ̀sì, màá gba ìkúnlẹ̀ yẹn padà fún yín."

Ní àárọ̀ Sátidé, ó jáde nílé bí ẹni tó ń lọ bẹ ọ̀gá. Ète rẹ̀ ni pé kó dé géètì, kó yí padà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rí i, ó ṣílẹ̀kùn láì béèrè nǹkan kan. Ìyẹn náà wá jọ bí ìpè. Ó tún wá ń rò ó pé, bí òun bá tètè padà jù, ọmọ á ní òun kò bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí òun jókòó díẹ̀. Ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi ń bẹ ẹkùn.

Kò dùbúlẹ̀ o. Ó kàn fẹ̀yìn ti aṣọ.

Nígbà tó lajú, ẹnì kan jókòó níwájú rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ ìkóṣọ tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Irun tí wọ́n yà dáadáa. Bírò méjì lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ káàárọ̀."

Ó fò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ aṣọ, ó tún jókòó.

"Ìgbà wo lo dé?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ìdánwò ńkọ́?"

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

"Dìde! Dìde ká sáré! Kò jìnnà síbí!"

"Mo mọ̀ pé kò jìnnà. Mo gbọ́ agogo wọn láti orí ìjókòó yìí."

"Ta ló wà pẹ̀lú Bàbá àgbà?"

"Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó ní òun á dúró títí oníbàárà òun á fi dé, òun ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A retí yín títí. Mo wá ní kí n sáré wá bá yín bẹ̀ ẹ́. Bó bá ti lè yọ̀ǹda yín, kẹ́ ẹ gba ilé lọ, kí èmi gba ibí kọjá sí ìdánwò. Mo ti ń há ẹ̀bẹ̀ náà sórí bọ̀ lọ́nà."

"Ọmọ mi..."

"Mo ní màá kúnlẹ̀. Màá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, mà, màámi ò ní sọ fún yín, àmọ́ ó ti rẹ̀ wọ́n jù. Nílé, wọn kì í jókòó. Ẹ fún wọn ní àárọ̀ yìí nìkan.'" Ó ń wo bírò ọwọ́ rẹ̀. "Mo bi bàbá tó wà ní géètì pé ibo ni Ẹkùn wà. Ó ní, 'Ẹkùn wo?' Mo ní ọ̀gá yín, tó ń mú yín wá síbí ní Sátidé. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, 'Ọ̀gá wa? Ẹni tí kò lè pa eṣinṣin! Ìyá rẹ nìkan ló wà nínú ilé, ó ń sùn. Ó máa ń wá sùn.' Ó rò pé mo mọ̀. Ó ní kí n rọra wọlé kí n má jí yín."

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Agogo kò tíì lù nígbà tí o wọlé?"

"Kò tíì lù."

"Kí ló wá dé tí o kò jí mi?"

Níta, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń gbálẹ̀, ó ń súfèé.

"Mo na ọwọ́," ọmọ náà ní. "Mo ti fẹ́ fọwọ́ kàn yín léjìká. Ẹ wá rẹ́rìn-ín lójú oorun."

"Mo ṣe kí ni?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn rí. Ẹ ò rín in fún wa rí. Mo wá jókòó, mo ní kí n mọ̀ bóyá ẹ tún máa rín in."

"Ó rẹ̀ mí ni, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí ni o."

"Mo mọ̀. Ó rẹ èmi náà."

"Màá lọ bá wọn nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Màá dọ̀bálẹ̀ tí mo jẹ́ obìnrin. Màá ní èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn, Màámi? Pé Ẹkùn ni?"

Ìyá náà sún mọ́ ọn.

"Bú mi," ó ní. "Sọ ohun tó wà nínú rẹ. Bínú sí mi, kí n lè mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan nínú mi." Bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé omi tán nínú kèǹgbè ni. Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sì sí omijé. Ohun tó ba ìyá náà lẹ́rù nìyẹn. Ó ti ń wá ẹnì kan nínú ojú yẹn, kò bá a níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà dìde. Ó gbọn ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó yí apẹ̀rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó kó bírò méjèèjì lé orí pẹpẹ, láàárín àwọn aṣọ funfun, bí ẹni tó ń dá ohun tó yá padà fún olówó rẹ̀.

"Dúró dè mí. Jẹ́ kí n wọ bàtà, ká jọ lọ."

"Aránṣọ ń retí mi. Ó sì ti tó àkókò tí Bàbá àgbà máa ń fẹ́ yí padà."

"Èmi ni màá yí wọn lónìí. Jẹ́ kí n ṣe é. Dúró, jọ̀ọ́."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn.

"Ẹ rọra máa bọ̀, Màámi. A ti mọ bí a ṣe ń gbé ilé yẹn láìsí yín."